Julien Temple: Ìtàn Kan Tí A Sọ Lẹ́ẹ̀mejì

Ní ọdún 1984 ni orin "Smooth Operator" jáde ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó kọ ọ́, Fọláṣadé Adú, tí gbogbo ayé ń pè ní Sade, kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìlú Ìbàdàn ni a bí i sí ní ọjọ́ 16, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1959. Yorùbá ni baba rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀, ọmọdé ni ó sì wà nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá wo fídíò orin náà yóò rí i bí ó ti dúró jẹ́ẹ́ níwájú gbohùngbohùn ní ilé ijó alẹ́ kan, tí kò fò sókè, tí kò pariwo, tí ojú rẹ̀ tutù bí omi àmù, nígbà tí ọkùnrin tí orin náà ń bá wí ń ṣe òwò òkùnkùn rẹ̀ kiri.

Nígbà tí irú fídíò bẹ́ẹ̀ bá dé ojú tẹlifíṣọ̀n, a máa ń jiyàn lórí ẹni tí ó kọrin, ẹni tí ó fun fèrè àti ẹni tí ó lu ìlù. N kò tíì gbọ́ ọ rí kí ẹnì kan béèrè ẹni tí ó ní kí akọrin náà dúró sí ibi tí ó dúró sí, tàbí ẹni tí ó ní kí iná tàn sí ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀ kí òkùnkùn sì bo ẹ̀gbẹ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ egúngún rí. Bí egúngún bá jó tí orí àwọn òǹwòran wú, egúngún ni à ń kì. A kì í béèrè ẹni tí ó rán ẹ̀kú. Ẹni tí ó rán ẹ̀kú ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn wa yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Julien Temple.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa lè béèrè pé kí ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ń wá nínú ọ̀rọ̀ òyìnbó tí ó ń ya fíìmù orin. Ìdáhùn mi ni pé iṣẹ́ ọkùnrin yìí kan ohun tí ó kan gbogbo ẹni tí ó bá ń kọ́ nípa ìtàn àtẹnudẹ́nu. Ó sọ ìtàn kan fún aráyé ní ọdún 1980. Ní ọdún 2000, ó padà wá, ó tún ìtàn náà sọ láti ẹnu àwọn ẹlòmíràn, èkejì sì ta ko ti àkọ́kọ́. Àwọn tí ó láyà láti ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, yálà láàrin àwọn òpìtàn tàbí láàrin àwọn tí ń ya fíìmù.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a bí Temple sí ní ọjọ́ 26, oṣù kọkànlá, ọdún 1953. Ó kàwé ní King's College ní Yunifásítì Cambridge. Ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni tí ń ya fíìmù ni àwọn iṣẹ́ Jean Vigo, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ó kú ní ọdún 1934 nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 29. Fíìmù mẹ́rin péré ni Vigo fi sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, "Zéro de conduite" ti ọdún 1933, sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n dìtẹ̀ sí àwọn olùkọ́ wọn. Ìjọba ilẹ̀ Faransé fi òfin de fíìmù náà, kò sì rí ojú ọ̀run mọ́ títí Ogun Àgbáyé Kejì fi parí. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ fíìmù tí àwọn aláṣẹ kọ̀ yóò tún padà wá nínú ìtàn wa yìí. Láti Cambridge, Temple wọ Ilé-ẹ̀kọ́ Fíìmù ti Orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1971.

Kí a tó lè lóye ohun tí ó rí níbẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí ní àkókò náà. Ọrọ̀ ajé wọn ti wó lulẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò ríṣẹ́ ṣe, owó ọjà sì ń gòkè lójoojúmọ́. Ní ọdún 1976 ni ìjọba wọn na ọwọ́ sí Àjọ Ayánilówó Àgbáyé, IMF, láti yáwó. Àwa tí a rántí iyàn tí ó gba orílẹ̀-èdè yìí kan ní ọdún 1985 nítorí owó IMF kan náà, a kò ní ṣàì rẹ́rìn-ín díẹ̀ pé àwọn tí ó jọba lé wa lórí ni wọ́n kọ́kọ́ gba ọ̀nà náà lọ.

Láti inú ipò yìí ni orin tí wọ́n ń pè ní pọ́ńkì ti jáde. Ní ọdún 1975, Temple ń rìn kiri ní agbègbè èbúté àtijọ́ lẹ́bàá odò Thames, níbi tí àwọn ilé ìkẹ́rù ti di ahoro, nígbà tí ó gbọ́ ariwo orin láti inú ọ̀kan nínú wọn. Ó wọlé lọ wò wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin ni ó bá níbẹ̀ tí wọ́n ń fi orin kọ́ra. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ wọ́n sí Sex Pistols. Kámẹ́rà ilé-ẹ̀kọ́ ni ọmọ ilé-ìwé yìí gbé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wọn. Ó tún ya ẹgbẹ́ akọrin mìíràn, The Clash, nígbà tí wọn kò tíì gbé àwo orin kankan jáde, ṣùgbọ́n lójú àwọn alámòójútó ẹgbẹ́ méjèèjì, ènìyàn kan kò lè sin ọ̀gá méjì. Temple yan Sex Pistols, èyí sì dá ọ̀tá sílẹ̀ láàrin òun àti Joe Strummer, olórí akọrin The Clash. Strummer yóò padà wá sínú ìtàn wa.

Ohun tí Temple ṣe kò le, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí ó rántí láti ṣe é. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ti fi àwọn ọmọ náà hàn, yóò ya ohun tí ó wà lójú tẹlifíṣọ̀n pa mọ́. Ó to àwọn àwòrán wọ̀nyí pọ̀ di fíìmù kúkurú kan, "Sex Pistols Number 1", ní ọdún 1977. Ọdún náà ni Ọbabìnrin Elizabeth ṣe àjọ̀dún ọdún 25 lórí ìtẹ́. Àwọn Sex Pistols gbé orin jáde tí ó fi orin orílẹ̀-èdè wọn ṣe yẹ̀yẹ́, BBC kò jẹ́ kí ó dún lórí afẹ́fẹ́, wọ́n sì lọ kọ ọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Thames ní ọjọ́ 7, oṣù kẹfà. Bí ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ènìyàn. Bí kì í bá ṣe àwọn tí wọ́n gbé kámẹ́rà dání lọ́jọ́ náà, ẹnu lásán ni a ó máa fi sọ ọ́ lónìí.

Àsìkò kò gùn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1978, ẹgbẹ́ náà tú ká ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 2, oṣù kejì, ọdún 1979, ọ̀kan nínú wọn, Sid Vicious, kú ní New York nítorí oògùn olóró. Ọmọ ọdún 21 ni.

Ní ọdún 1980 ni Temple gbé fíìmù ńlá àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde, "The Great Rock 'n' Roll Swindle". Malcolm McLaren, alámòójútó ẹgbẹ́ náà, ni olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Nínú fíìmù náà, McLaren jókòó bí olùkọ́, ó ń ka ẹ̀kọ́ mẹ́wàá lórí bí ènìyàn ṣe lè lu ilé-iṣẹ́ orin ní jìbìtì. Ó ní òun ni òun mọ àwọn ọmọ náà bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ ìkòkò. Ó ní wọn kò mọ orin kọ, pé gbogbo rẹ̀ kò ju ọgbọ́n àti gba owó lọ. Fíìmù náà dùn ún wò, ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Johnny Rotten, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ John Lydon, kò bá wọn ṣe fíìmù náà. Ilé-ẹjọ́ ni òun àti McLaren ti ń wo ara wọn lójú nígbà náà, ọdún 1986 ni ẹjọ́ ọ̀hún sì tó parí, tí ohun ìní ẹgbẹ́ náà padà sí ọwọ́ àwọn akọrin. Lójú tèmi, Temple mọ̀ nígbà tí ó ń ya fíìmù náà pé ẹnu ẹnì kan ni ó ń gbọ́. Ọ̀dọ́ ni, iṣẹ́ ni ó ń wá, ó sì ṣe é.

Láàrin àkókò yìí ni ọjà tuntun ṣí. Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹjọ, ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n MTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ wọn kò sì ju kí wọ́n máa fi fídíò orin hàn tọ̀sán-tòru lọ. Olórin tí kò bá ní fídíò di ẹni tí a kò rí. Kí n ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé akọrin ń kọrin lójú kámẹ́rà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orin ti wà nínú àwo tẹ́lẹ̀. A ó fi ẹ̀rọ lu orin náà síta, akọrin yóò máa mi ẹnu tẹ̀ lé e, a ó sì ya á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti òkèèrè. Lẹ́yìn náà ni a ó gé àwọn àwòrán náà, tí a ó sì so wọ́n pọ̀ kí ẹnu àti ohùn lè bára mu. Olùdarí ni ẹni tí ó kọ́kọ́ jókòó gbọ́ orin náà, tí ó kọ ohun tí ojú yóò rí sórí ìwé, tí ó yan ibi tí a ó ti ya á àti àwọn tí yóò wà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ alàwo-orin ni ó ń san owó rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ padà nínú owó akọrin.

Ọ̀pọ̀ olùdarí fídíò ìgbà náà kò wá ju kí àwòrán dán kí obìnrin sì lẹ́wà lọ. Ìtàn ni Temple ń wá. Nínú "Come Dancing" tí ó ṣe fún ẹgbẹ́ The Kinks ní ọdún 1983, gbọ̀ngàn ijó àtijọ́ kan ni ó gbé wá sójú ayé padà, nítorí pé Ray Davies tí ó kọ orin náà ń rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ó fẹ́ràn ijó, tí ó sì kú ní ọdún 1957. Ní ọdún kan náà ni ó ṣe "Undercover of the Night" fún àwọn Rolling Stones. Ìlú Mexico City ni wọ́n ti ya á, ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tí àwọn ọlọ́ṣà olóṣèlú ń jí gbé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù ni ó dá lé. Nínú rẹ̀, ìbọn dún, ènìyàn sì kú. BBC kọ̀ láti fi í hàn. Temple àti Mick Jagger lọ sí orí ètò tẹlifíṣọ̀n kan láti gbèjà ara wọn, wọ́n ní orin náà kò lè sọ̀rọ̀ nípa ìpànìyàn kí àwòrán rẹ̀ sì máa fi òdòdó hàn. Ẹni tí ó bá rántí ohun tí ojú Hubert Ògúndé rí ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1964 nítorí eré "Yorùbá Ronú" kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ náà ṣe àjèjì sí òun. Ti Ògúndé le jù, nítorí pé ẹgbẹ́ eré rẹ̀ lódindi ni wọ́n fi òfin dè.

Ní ọdún 1984, ó ya David Bowie fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú nínú "Jazzin' for Blue Jean". Bowie ṣe ènìyàn méjì níbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ òṣìṣẹ́ lásán tí ó ń wá obìnrin, èkejì jẹ́ olórin olókìkí tí ó gba obìnrin náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Fídíò náà gba ẹ̀bùn Grammy. Ọdún yìí kan náà ni ó ya Sade. Ẹ wo ìyàtọ̀ wọn. Bowie kò dúró sójú kan, ó ń sáré, ó ń ṣubú. Sade ní tirẹ̀ kò kúrò lójú kan, Temple kò sì fi ipá mú un kúrò níbẹ̀. Ó fi gbogbo wàhálà ìtàn náà yí i ká, ó jẹ́ kí òun nìkan wà ní ìrọ̀rùn. Èyí ni mo kà sí òye nínú iṣẹ́ rẹ̀: ó máa ń wo ìwà akọrin kí ó tó wo kámẹ́rà.

Nígbà tí ó di ẹni tí gbogbo akọrin ń wá, ó fẹ́ ya fíìmù gígùn ti ara rẹ̀. Ìwé ìtàn-àròsọ Colin MacInnes, "Absolute Beginners", tí ó jáde ní ọdún 1959, ni ó yàn. Ó yẹ kí àwa mọ òǹkọ̀wé yìí. Ní ọdún 1957 ni ó kọ́kọ́ kọ "City of Spades", ìwé kan tí olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, Johnny Fortune, jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti Èkó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ìlú náà sì yí po mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò pọ̀ òǹkọ̀wé aláwọ̀ funfun ní ìgbà náà tí ó wo ọmọ Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí ènìyàn tí ó lè rẹ́rìn-ín, tí ó lè ṣe àṣìṣe, tí ó sì lè fẹ́ràn.

"Absolute Beginners" dá lórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1958. Ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán kan ni ó ń sọ ìtàn náà. Ó fẹ́ràn ọmọbìnrin kan tí owó àti òkìkí gbà lọ, ìtàn náà sì parí sí àdúgbò Notting Hill, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun ti gbé ìjà ko àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún náà, tí wọ́n ń lé wọn ní òpópónà, tí wọ́n sì ń fọ́ fèrèsé ilé wọn. Èyí kì í ṣe àròsọ. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà kò sì gbàgbé rẹ̀.

Temple sọ gbogbo rẹ̀ di eré olórin. Ó kọ́ òpópónà Soho sínú sítúdíò ní Shepperton, ó jẹ́ kí kámẹ́rà gba àárín rẹ̀ kọjá bí ẹni ń rìn nínú ọjà alẹ́, tí àwọn ènìyàn ń jó, tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n ń jà lọ́tùn-ún lósì. Àwọn tí ó rí fíìmù náà kì í gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ yìí. Gil Evans, ará Kánádà àgbà olórin jáàsì nì, bá a ṣètò orin. Bowie kó ipa olówò ìpolówó ọjà. Sade náà wà níbẹ̀, ó kọ orin kan nínú ilé ijó. Nígbà tí ó dé ọ̀rọ̀ Notting Hill, ìjà náà pẹ̀lú di ijó.

Lórí èyí ni àwọn alárìíwísí ti bá a jà jù, mo sì ti rò ó léraléra. Fífi ijó sọ ìtàn ìjà kì í ṣe àbùkù. Àwọn alárìnjó wa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi ìjà jó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òǹwòran mọ ẹni tí ìgò bà lórí. Nínú fíìmù Temple, àwọn tí wọ́n ń lé àti àwọn tí a ń lé ń fi ẹsẹ̀ kan náà jó, àwọ̀ aṣọ wọn ń dán, ẹ̀rù kò sì ba ènìyàn tó bí ó ti yẹ. Síbẹ̀, ní ọdún 1986, kò sí ẹlòmíràn nínú àwọn tí ń ná owó rẹpẹtẹ lórí fíìmù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó tilẹ̀ fẹ́ dárúkọ Notting Hill. Mo yìn ín pé ó dárúkọ rẹ̀.

Ọjà kò yìn ín. Owó fíìmù náà lé ní mílíọ̀nù 8 pọ́n-ùn, ó sì ju iye tí wọ́n fẹ́ ná tẹ́lẹ̀ lọ. Goldcrest, ilé-iṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn fíìmù "Gandhi" ti ọdún 1982, wà lára àwọn tí ó san án. Ní àkókò kan náà ni wọ́n ń ná owó lórí "Revolution" àti "The Mission". Owó tí ó wọlé kò tó èyí tí ó jáde, Goldcrest sì wó. Àwọn ìwé ìròyìn ti polongo "Absolute Beginners" fún ọ̀pọ̀ oṣù bí ẹni pé òun ni yóò gba fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là. Nígbà tí ó já wọn kulẹ̀, Temple ni gbogbo ọwọ́ nà sí. Èmi kò rò pé ẹ̀bi ènìyàn kan ni. Fíìmù mẹ́ta ni ó jọ gbé ẹrù náà, àwọn tí ó sì fọwọ́ sí ìwé owó kì í ṣe olùdarí. Ṣùgbọ́n bí igi ńlá bá wó, ẹni tí ó dúró sí abẹ́ rẹ̀ ni a máa ń rí.

Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ti ń ṣe fídíò níbẹ̀: ní ọdún 1986 ni ó darí "When I Think of You" fún Janet Jackson. Ó ya fíìmù ẹ̀fẹ̀ kan, "Earth Girls Are Easy", ní ọdún 1988, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan lójú mi. Ohun tí ó ṣe pẹ̀lú Neil Young ní ọdún 1988 ni ó yẹ kí a dúró lé lórí.

Orin Young, "This Note's for You", bá àwọn olórin wí tí wọ́n ń kọrin fún ilé-iṣẹ́ ọtí bíà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Temple ṣe fídíò náà bí ìpolówó ọjà gan-an, ó wá ẹni tí ó jọ Michael Jackson, ó jẹ́ kí iná ràn mọ́ irun rẹ̀, nítorí pé iná ti jó Jackson fúnra rẹ̀ ní ọdún 1984 níbi tí ó ti ń ya ìpolówó Pepsi. Ó tún wá ẹni tí ó jọ Whitney Houston. MTV kọ̀, wọn kò fi í hàn. Ìdí kò ṣòro láti mọ̀: owó ìpolówó ọjà ni MTV fi ń jẹun. Young kọ ìwé sí wọn ní gbangba, ó bú wọn. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fídíò náà, MTV sì yí ọkàn padà. Nígbà tí ó di ọdún 1989, MTV kan náà ni ó fún un ní ẹ̀bùn fídíò tí ó dára jù lọ lọ́dún. Ẹni tí ó pa ọmọ náà ni ó wá ń sọ ọ́ lórúkọ. Ọwọ́ Young ni wọ́n fi ẹ̀bùn náà lé, gẹ́gẹ́ bí ìṣe.

Temple padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1998, ó san gbèsè tí ó jẹ Jean Vigo, ó ya fíìmù nípa ayé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí gbèsè tí ó wúwo jù.

"The Filth and the Fury" jáde ní ọdún 2000. Ìtàn Sex Pistols náà ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n àwọn akọrin ni ó ń sọ ọ́ báyìí. McLaren tí ó jókòó lórí àga olùkọ́ ní ọdún 1980 ti di ẹni tí a ń dá lẹ́jọ́. Lydon sọ̀rọ̀, Steve Jones sọ̀rọ̀, Paul Cook àti Glen Matlock sọ̀rọ̀, a sì tún gbọ́ ohùn Vicious tí ó ti kú láti inú àwòrán tí Temple ti yà nígbà ayé rẹ̀. Temple fi iná sí ẹ̀yìn àwọn tí ó wà láàyè, ojú wọn kò hàn, òjìji wọn nìkan ni òǹwòran ń rí. Ó dà bí ẹni pé kò fẹ́ kí a rí i pé wọ́n ti dàgbà. Ní àárín ọ̀rọ̀ wọn, ó ń já àwòrán oríṣiríṣi wọlé: ìpolówó ọjà ìgbà náà, ìròyìn nípa pàǹtírí tí a kò kó ní òpópónà, àwọn aláwàdà orí tẹlifíṣọ̀n, àti Laurence Olivier nínú eré Richard III ti Shakespeare. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí ikú Vicious, Lydon sunkún. Ẹni tí ó ti wo fíìmù àkọ́kọ́, níbi tí ikú ọmọ náà ti dà bí ọjà títà, yóò mọ bí èyí ti wúwo tó.

Àwọn àwòrán tí ó wà nínú fíìmù méjèèjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Ìjáde kan náà, aṣọ kan náà, ìlú kan náà. Ohùn tí ó wà lórí wọn ni ó yàtọ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí wọ́n ń lọ gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà pé kí wọ́n má ṣe padà wálé lẹ́yìn ilé ẹyọ kan, àti pé kí wọ́n má sọ téèpù àkọ́kọ́ nù nígbà tí wọ́n bá rí ìkejì. Temple kò sọ ọ́ nù. Bí kò bá ti tọ́jú àwọn fíìmù tí ó fi kámẹ́rà ilé-ẹ̀kọ́ yà nígbà tí kò ní kọ́bọ̀, kì bá tí sí ohun tí yóò fi tún ìtàn ara rẹ̀ ṣe.

Láti ìgbà náà ni àkójọ àwòrán àtijọ́ ti di oko rẹ̀. Ó ya fíìmù lórí ọdún orin Glastonbury ní ọdún 2006 àti lórí ìlú Detroit tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ti kú ní ọdún 2010. Ní ọdún 2012, ó to nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ìlú Lọ́ńdọ̀nù pọ̀ nínú "London: The Modern Babylon". Níbẹ̀, àwọn tí ó ti òkè òkun wá kì í ṣe alárìnjó ẹ̀yìn mọ́. Àwọn gan-an ni ìlú náà. Mo rò pé ó rántí ohun tí wọ́n bá a wí ní ọdún 1986.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọdún 2007, "Joe Strummer: The Future Is Unwritten". Strummer tí ó bá a ṣọ̀tá nígbà tí ó yan ẹgbẹ́ kejì ti di aládùúgbò rẹ̀ ní ìgbèríko Somerset, wọ́n sì ti di ọ̀rẹ́ kí Strummer tó kú ní ọjọ́ 22, oṣù kejìlá, ọdún 2002. Nígbà ayé rẹ̀, ó fẹ́ràn láti dá iná síta lálẹ́ kí àwọn ènìyàn wá jókòó yí i ká. Nígbà tí Temple fẹ́ ya fíìmù náà, kò pe ẹnikẹ́ni sí sítúdíò. Ó dá iná ní ìta, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ó kó àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jọ sí ìdí rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n rántí. Àwọn gbajúmọ̀ wà láàrin wọn, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí náà sì wà níbẹ̀. Kò kọ orúkọ ẹnì kankan sí abẹ́ ojú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Àwọn kan ṣàròyé pé àwọn kò mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ní ìdí iná tí wọ́n ti ń pàlọ́ fún èmi ní kékeré, kò sí ẹni tí ó dárúkọ ara rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Òkùnkùn ti bo ojú gbogbo wa, ohùn ni a fi ń mọ ara wa.